Ta Ló Sanwó Ìyá Michael?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú lè tètè bínú: mi ò fẹ́ràn The Wedding Party tó bí gbogbo ayé ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dá ìjà sílẹ̀. Mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun ọ̀sán, ẹnì kan gbé ṣíbí ẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí bíi pé mo bú ìyá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá ló sì wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyá tèmi ni. A máa débẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, ọdún 2016 ni fíìmù náà jáde. Kẹ́mi Adétiba ló darí ẹ̀, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó darí. EbonyLife, FilmOne, Inkblot àti Koga ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto ní oṣù Kẹsàn-án, ó wá wọ sinimá níbí ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni ìtàn náà dá lé. Dúnní Coker, ọmọ Yorùbá, fẹ́ fẹ́ Dozie Onwuka, ọmọ Ìgbò. Owó wà nílé méjèèjì. Ìyá ọkọ ń fojú kéré àwọn àna ẹ̀, ìyá ìyàwó náà ò sì gbà. Ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ yọjú, aṣọ ya, ariwo sọ, gbogbo ẹ̀ wá parí sí ijó. Owó tó pa ní sinimá lé ní ₦400 mílíọ̀nù, kò sì sí fíìmù Nàìjíríà tó tíì pa tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Adesua Etomi àti Banky W. tí wọ́n ṣe ìyàwó àti ọkọ nínú ẹ̀ tún wá fẹ́ra lóòótọ́ ní 2017. Ta ló fẹ́ bá irú oríire yẹn jà?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé fíìmù náà ò dáa. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé nìkan tó ẹ̀rí. Nígbà tó bá ń jó wọlé, tó gbé gèlè rù bí ẹni gbé adé, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ obìnrin yẹn. Òun ló máa ń jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì máa ń mọ ẹni tí kò ra aṣọ ẹbí. Èdè ibẹ̀ náà dùn mọ́ mi: wọ́n ń bọ́ látinú Yorùbá sínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bọ́ sínú Píjìn, bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gbà dé Lawanson. Ẹ tún wo àsìkò tó jáde. Ọdún 2016 ni ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀, irú èyí tí a ò rí fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Náírà já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí owó oṣù gbà. Àwọn èèyàn ń wá ibi tí wọ́n á jókòó sí kí wọ́n rẹ́rìn-ín fún wákàtí méjì. Èmi náà jókòó ní Filmhouse tó wà ní Leisure Mall, ní Adéníran Ògúnsànyà, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀nà èmi àti àwọn èèyàn ti yà ni ilé ìdáná.

Tẹ́ ẹ bá ti wò ó, ẹ máa rántí Ìyá Michael. Jùmọ̀kẹ́ George ló ṣe é. Alásè ni. Oúnjẹ òyìnbó tí wọ́n ṣètò ò tẹ́ ìyá ìyàwó lọ́rùn, ló bá pe alásè tiẹ̀ wá. Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn fíìmù náà ni pé ibẹ̀ ló ti gbé àṣà wa ga: wọ́n ní oúnjẹ ilé wa ló borí. Àwọn tó jókòó yí mi ká ní sinimá lọ́jọ́ yẹn pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé oúnjẹ wa wọlé, alásè wa dúró síta. Wọ́n pè é kó wá pa wá lẹ́rìn-ín, ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó bùṣe. A ò mọ aago tó jí lọ́jọ́ yẹn. A ò mọ iye tí wọ́n bá a ṣe. A ò mọ bó ṣe padà sílé, tàbí ibi tílé ẹ̀ wà. Bákan náà ni awakọ̀ ilé Coker tí Frank Donga ṣe: ẹ̀rín ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé e wá. Ẹ wá wo àwọn olówó inú ẹ̀. Lady Onwuka ní ọkọ tó ń dalẹ̀ ẹ̀, a sì rí omijé ẹ̀. Àwọn Coker ní ọmọbìnrin kan tí wọn ò fẹ́ kí ojú tì, a sì mọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Wonú tó ń ṣètò ayẹyẹ ni wọ́n jẹ́ ká rí làálàá ẹ̀ díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí owó èèyàn bá ṣe pọ̀ tó nínú fíìmù yẹn ni ọkàn ẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹni tí kò bá lówó, àwàdà ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé alásè ni màmá mi.

Ó lé ní ogún ọdún tó fi se oúnjẹ òde láti ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà ní Ojúẹlẹ́gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìsàlẹ̀ bíríìjì yẹn dáadáa á mọ̀ pé kò sígbà tí ariwo ń dákẹ́ níbẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó ń bínú sí wa tí a bá ń gún nǹkan láàárín òru. Ọjọ́rú ló máa ń lọ wo ọjà. Ọjọ́bọ̀, Mile 12 fún ata àti tòmátò. Ọjọ́ Ẹtì, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà lẹ́yìn ìrun Àsárì, gbogbo ilé á máa sunkún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú. A ó dín ata di aago mẹ́wàá alẹ́. A ó dín ẹran di aago kan òru. Aago mẹ́ta, igi á wọ abẹ́ ìkòkò ńlá lórí àdògán, torí màmá mi ò gbà pé gáàsì lè se jọ́lọ́ọ̀fù òde. Ó ní ìrẹsì tí kò bá gbọ́ òórùn èéfín, ìrẹsì aláìsàn ni.

Iṣẹ́ tèmi ni ẹran kíka. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn ni wọ́n pè, màmá mi á fi ọgọ́rùn-ún kún un fún àwọn tí wọn ò pè. Ẹran méjì méjì fún tábìlì iwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó kù, ogójì tó máa sọnù láàárín ìkòkò sí tábìlì tí kò sẹ́ni tó máa mọ bó ṣe lọ. Mo ti ń kọ irú ìṣirò báyẹn sínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kí n tó wọ yunifásítì lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ẹni tó ń kọ kóòdù gbọ́dọ̀ máa ro ohun tó lè bàjẹ́ kó tó bàjẹ́, mo ní nínú ara mi pé ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa nìyí. Owó ìkòkò yẹn náà ló sì san owó ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún.

Òde àríyá kì í jọ ara wọn tí èèyàn bá ń wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn kánópì, ẹ ò ní rí ìyàwó. Ẹ máa gbọ́ pé ó ti wọlé. Màmá mi ti se oúnjẹ níbi tí àwọn gbajúmọ̀ olórin fújì ti kọrin, kò rí ojú ẹnì kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbọ́ ìlù, ó mọ̀ bóyá oúnjẹ gbọ́dọ̀ jáde báyìí tàbí kó ṣì dúró. Ẹ máa rí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó tó fi agbádá bo kúlà kékeré kan. Ẹ máa rí obìnrin mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ní òun ni ìyàwó rán wá gba oúnjẹ. Ẹ máa rí omi tó tán, ẹni tí wọ́n rán lọ ra omi tí kò padà, àti ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń fọ abọ́ láti àárọ̀ tí kò tíì fẹnu kan nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ní àwàdà lẹ ń wá, ó kún ibẹ̀ ju orí pèpéle lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà nígbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé eré apanilẹ́rìn-ín ò ráyè àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà. Kámẹ́rà ni kò débẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 yẹn kan náà, tí gbogbo Èkó ń tò láti wọ sinimá lọ wo ìgbéyàwó Dúnní, màmá mi ní iṣẹ́ òde kan ní Island. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti bá a ṣàdéhùn. Nígbà yẹn, iye tó ń ra àpò ìrẹsì ò tíì ju bíi ₦12,000 lọ. Ìjọba ti ní kí ìrẹsì má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, náírà ń já, àpò ìrẹsì sì ń gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa pé, ó ti ń sún mọ́ ₦20,000. Òróró náà ò dúró dè é. Màmá mi pe àwọn oníbàárà náà, ó ṣàlàyé. Wọ́n ní àdéhùn ni àdéhùn. Ó lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ tí wọ́n san ti wọ inú ìgbá ata àti igi ìdáná. Ó sì tún ní ohun kan tó ń pè ní orúkọ. Alásè tó bá já èèyàn kulẹ̀ lọ́jọ́ òde, kò ní alásè mọ́ lẹ́yìn orúkọ ẹ̀.

Ló bá lọ bá àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú. Kò tíì kàn án láti kó o. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó ló kàn, ìyẹn sì gbà kí màmá mi kọ́kọ́ kó o, kí ó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí òun náà fẹ́ fi ra ọjà ọdún tuntun. Oúnjẹ jáde. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n fi ṣèpalẹ̀mọ́ lọ sílé. A gbọ́ pé wọ́n náwó lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn tó ń ṣa owó ń fi ẹsẹ̀ gbá a jọ. Màmá mi béèrè bálánsì ẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àlejò tú ká. Àlejò tú ká. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ọdún parí. Ọdún parí. Oṣù Kẹrin ni owó tó kù tó wọlé tán, ìdá mẹ́rin ni wọ́n sì fi san án. Láàárín ìgbà yẹn, ìyá oníṣọ́ọ̀bù Tejúoṣó ò bá màmá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòdù ní Yábàá nígbà yẹn, owó oṣù mi ò tó nǹkan. Mo dá a lé èyí tó wà nílé, a fi san díẹ̀ lára gbèsè náà. Owó padà pé. Ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́rìnlá yẹn ò padà.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni mo gbé The Wedding Party sórí kọ̀ǹpútà fún un ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó gbádùn ẹ̀, mi ò ní parọ́. Ó pàtẹ́wọ́ fún ijó Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, ó ní, “Obìnrin yìí ò níṣòro.” Ó rẹ́rìn-ín sí Ìyá Michael náà. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó wá kọjú sí mi.

“Ṣé wọ́n sanwó Ìyá Michael?”

Mo ní, “Mọ́mì, fíìmù mà ni.”

“Ta ló ní kì í ṣe fíìmù? Ṣé wọ́n sanwó ẹ̀ nínú fíìmù?”

Mo ní wọn ò fi hàn wá. Ó ní, “Hẹn ẹn. Wọn ò san án nìyẹn.” Ó dìde, ó lọ sùn.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì rí ẹni tó fi gbólóhùn kan ṣàríwísí fíìmù tó dáa tó ìyẹn. Ìbéèrè yẹn ò béèrè kí fíìmù di ìwàásù. Ẹnì kan ṣiṣẹ́ lójú wa ni. Kí ló wá dé tí a ò bi ara wa bóyá ó gbowó?

Ẹ wo bí owó ṣe ń rìn lóde àríyá. Ó ń lọ sí iwájú orí ìyàwó. Ó ń lọ sí ọwọ́ onílù. Ó ń lọ sí ọwọ́ alága ìdúró àti alága ìjókòó. Gbogbo wa mọ̀ pé òfin kọ̀ ọ́: Abala 21 nínú òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà lóde tàbí tó ń jó lé e lórí lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦50,000. Ní oṣù Kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀, gbogbo ìlú sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tí owó yẹn ò gbà rí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ka ẹran, mi ò rí ẹnì kan rí tó jó dé ẹ̀yìnkùlé wá lẹ́ owó mọ́ alásè níwájú orí. Fíìmù náà ò dá àṣà yìí sílẹ̀. Àmọ́ ó gbé kámẹ́rà síbi tí àwọn tó ń náwó jókòó sí, ó sì pè é ní òde wa.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé: “Ìwọ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù ìgbéyàwó nìyẹn. Ìyàwó àti ọkọ ló ni ọjọ́.” Mo máa ń ní kí wọ́n lọ wo Monsoon Wedding. Mira Nair ló darí ẹ̀, ìgbéyàwó kan ní Delhi ni, ó sì gba ẹ̀bùn kìnnìún góòlù ní Venice ní 2001. Òun náà ń pani lẹ́rìn-ín. Òun náà ní ẹbí ńlá, aṣọ aláràbarà, orin, òjò, àti ìyàwó tó ní àṣírí. Ṣùgbọ́n Dubey wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń bá wọn pa àgọ́. Bàbá ìyàwó ń bá a jà lórí irú àgọ́ tó gbé wá àti iye tó fẹ́ gbà. Bàbá ọ̀hún alára ń wá ibi tó ti máa yáwó. Dubey wá nífẹ̀ẹ́ Alice, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà, fíìmù ọ̀hún sì dúró dè wọ́n. Ó fún wọn ní òdòdó, ó fún wọn ní ìdákẹ́jẹ́, ó fún wọn ní ìgbéyàwó tiwọn, kí wọ́n tó wá darapọ̀ mọ́ ijó àwọn yòókù. Dubey pa mí lẹ́rìn-ín ju ẹnikẹ́ni nínú fíìmù náà lọ. Kò dín ọ̀wọ̀ ẹ̀ kù lójú mi rárá. Ẹ̀rín àti ọ̀wọ̀ lè jókòó sórí ìjókòó kan náà.

Níbi iṣẹ́ tiwa, àwọn kan ń ṣe iwájú, ìyẹn ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ tẹ̀ lórí fóònù yín. Àwa kan ń ṣe ẹ̀yìn. Backend ni wọ́n ń pè é. Èmi ẹ̀yìnkùlé ni mo ń pè é. Tí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ ò ní rántí wa. Ọjọ́ tí kò bá dé lẹ máa mọ̀ pé a wà. Mi ò ráhùn lórí ìyẹn, torí a ń gbowó oṣù wa déédéé, tí wọn ò bá sì san án, a mọ ibi tí a máa ké sí. Alásè ò ní irú ibẹ̀ yẹn. Fóònù ẹ̀ ló ní, àti sùúrù.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ní The Wedding Party jẹ́ fíìmù tó dùn, mo gbà. Tẹ́ ẹ bá ní ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń ṣe fíìmù lẹ́yìn ẹ̀, mo gbà. Tẹ́ ẹ bá wá ní òun ni àwòrán òde àríyá Yorùbá bó ṣe rí gan-an, ibẹ̀ ni mo ti máa sọ fún yín pé ìdajì àwòrán lẹ rí. Ìdajì tó kù wà lẹ́yìn kánópì, èéfín bo ojú ẹ̀, ó ń ka ẹran.

Orúnkún ò jẹ́ kí màmá mi dá òde gbà mọ́ báyìí. Ọmọbìnrin méjì tó kọ́ ní iṣẹ́ ló ń ṣe é, òun wá ń jókòó sórí àpótí, ó ń fi ẹnu se oúnjẹ. Mo kọ ètò kékeré kan fún wọn lórí fóònù, kí wọ́n lè máa fi iye ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn ṣírò iye tí wọ́n máa gbà. Àwọn ọmọ náà ń lò ó. Màmá mi ò lò ó, ìwé ẹ̀ ló ń lò, èsì méjèèjì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀ fún wọn, òun ló sì ní kí n fi sínú ètò náà: kúlà kankan ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò tí bálánsì ò bá tíì wọlé. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù pé àwọn máa sanwó lórí òde. Jọ́lọ́ọ̀fù ti jinná. Èéfín ń rú. Màmá mi gba fóònù náà, ó kí i dáadáa, ó bi í léèrè àwọn ọmọ, ó sì sọ fún un pé mọ́tò ti gbé iná sílẹ̀, ó ń dúró dè é ni. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà, fóònù dún pé owó ti wọlé.